Ohùn Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Mi

Ní Ìlódè, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí ní Ilé-Ifẹ̀, etí la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn, máa ń fi lọ́rì kó pákó láti oko wá sí ìlú. Bí lọ́rì náà bá ti ń kùn gun òkè bọ̀ lókèèrè, ìyá mi á ti gbé omi ẹ̀bà kaná. Bí bàbá mi bá sì fẹ́ kọjá níwájú ilé àgbàlagbà kan, wọ́n á rọra tẹ fèrè ọkọ̀, pím-pím, àgbà náà á nawọ́ sókè láti orí àga rẹ̀. Ìkíni ni. Awakọ̀ tó bá kọjá lára àgbà láìtẹ fèrè, wọ́n á ní mọ́tò ti ń gùn ún, kì í ṣe òun ló ń gun mọ́tò.

Ìlú kékeré kan ní Kánádà ni mo wà báyìí, ó sì ti tó ọdún mélòó kan. N kò ní fi ìrìn àjò náà dá yín lágara. Ẹni tó bá ti rìn ín rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì rìn ín, kí Ọlọ́run gbé ire rẹ̀ kò ó níbikíbi tó bá wà. Gbogbo ènìyàn ló sọ fún mi nípa òtútù kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra ẹ̀wù sílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́rọ́rọ́. Ilé wà, ọkọ̀ wà, ajá pàápàá wà, àmọ́ ṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo ìlú ń gba ààwẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n lè gbọ́ nǹkan tó ń dún nínú ilé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé adìyẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Bí a bá sì jáde, oníkálukú á wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó di ọ̀la. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń dúró síbi kan náà lójoojúmọ́, títí mo fi kúrò níbẹ̀ n kò mọ̀ bóyá ó láya tàbí kò láya. Nílé, bí èmi àti ẹnì kan bá jọ wọ takisí láti Lágere dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, màá ti mọ iye ọmọ tó bí àti èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú wọn.

Ìyá mi mọ ohun tó ń ṣe mí láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Bí mo bá pè wọ́n, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun.

“Ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí, ọkọ mi?”

“Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, Màámi.”

“Kí lẹ sọ?”

“Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́.”

“Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àṣẹ nìyẹn.”

Ọlọ́run tó rí mi pé mo dá wà ló mú mi pàdé Bàbá Múúsá. Níbi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀ ni, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n rí fìlà orí mi, wọ́n sì sálámà sí mi láti ẹ̀yìn. Ara mi bù máṣọ. N kò tíì gbọ́ “Sàlámù àláékù” láti ẹnu ènìyàn ẹlẹ́ran ara láti ìgbà tí mo ti dé. Ará Sòmálíà ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ni lèmọ́mù fún ìwọ̀nba àwa Mùsùlùmí tó wà ní ìlú náà. Mọ́sálásí wa kò ní òkè gogoro, kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ilé kékeré kan ni tí a háyà, ní òpópónà tó jẹ́ pé àwọn arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó tún sún mọ́ wa jùlọ jìnnà débi pé bí ènìyàn bá lọ kírun àsùbá níbẹ̀, oòrùn á ti yọ kó tó débẹ̀. Ilé kékeré yẹn la ní. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń béèrè mi bí wọn ò bá rí mi.

Nígbà tó yá, Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ adìyẹ. Mo ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan, àgbà ọkọ̀ tí káfíńtà kan ti lò títí kó tó fẹ̀yìn tì. Mo fi ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó ń kó kúrò nílé. Nígbà òtútù, mo fi ń ti yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Alhamdulillahi, iṣẹ́ ara mi ni. Ọkọ̀ náà sì ní ohùn. Sàlẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn àpótí irin abẹ́ ọkọ̀ tó yẹ kó máa gbé ariwo ẹ́ńjìnì mì kí èéfín tó jáde, ti dógùn-ún, ó ti lu. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ṣe ló máa ń bú. Ká má purọ́, inú mi máa ń dùn sí i. Nínú gbogbo ohun tó wà ní ìlú yẹn, òun nìkan ló ń dún bí ará ilé.

Èmi ni mo máa ń gbé Bàbá Múúsá lọ sí àsùbá. Orúnkún wọn kò gbọ́ràn mọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òtútù. Bí a bá ti kírun tán, màá ṣáájú wọn jáde, màá tan ọkọ̀, màá jẹ́ kó máa dún lórí ìdúró títí inú rẹ̀ á fi móoru. Báwo ni wọ́n á ti wí i pé mo gbé àgbà sínú ọkọ̀ tó tutù bí omi kànga?

Ilé kan wà ní òdìkejì òpópónà tó dojú kọ mọ́sálásí. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń dúró de Bàbá nínú ọkọ̀, mo máa ń rí iná lójú fèrèsé rẹ̀, tí màmá aláwọ̀ funfun kan á dúró níbẹ̀, tí wọ́n á máa wò mí. N kò mọ orúkọ wọn. Mo sọ wọ́n ní Màmá Alátùpà. Mo ròyìn wọn fún ìyá mi lórí fóònù.

“Màámi, mo rí ẹnì kan tó ń jí ní àsùbá bíi tiwa níbí o. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, àmọ́ kò sọ́jọ́ tí iná wọn kì í tàn.”

“Ṣé àgbà ni?”

“Àgbà ni. Orí wọn funfun báláú.”

“Ṣé ò ń kí wọn?”

“Fèrèsé wọn máa ń wà ní títì, Màámi.”

“Mọ́tò tó o wà nínú ẹ̀ ò ní fèrè ni? Bí bàbá rẹ ṣe kọ́ ẹ kọ́ nìyẹn o. O ò gbọdọ̀ máa kọjá lára àgbà bí ẹran.”

Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti fẹ́ gbéra, màá gbójú sókè sí Màmá Alátùpà, màá rẹ́rìn-ín, màá sì tẹ fèrè: pím-pím. Wọn kì í nawọ́. Mo ní bóyá ojú ló ń dùn wọ́n. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ kó gùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Múúsá ní kí gbogbo wa dúró. Onílé ti pè wọ́n. Ènìyàn rere ni onílé náà, kò bá wa jà rí, àmọ́ aládùúgbò kan ti fi ẹjọ́ sun ìjọba ìlú pé ọkọ̀ kan ń pariwo níwájú ilé yẹn ní ìdájí, ìjọba sì ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún fi ẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á gba ilé òun ní ìparí oṣù.

“Ọkọ̀ kan ni wọ́n wí,” ni Bàbá wí.

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. “Bàbá, màá máa gbé e sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́hùn-ún.”

“Kí èmi wá máa fi orúnkún yìí rìn lórí yìnyín dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà? Ṣé o ti fẹ́ kírun sí mi lára ni?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Bàbá.”

“Àmín. Ó dáa, lọ tún ọkọ̀ rẹ ṣe. A ò lè sọ pé ká má kírun, a ò sì lè sọ pé kí aládùúgbò má sùn.”

Mẹkáníìkì onírùngbọ̀n pupa kan wà ní ẹ̀yìn ìlú, Dáàní lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ mi sókè, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó fi ìka ti sàlẹ́ńsà náà, ó já bọ́ bí àkàrà tó gbẹ. Ó nu ọwọ́, ó wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Irú ohùn wo lo fẹ́?”

N kò mọ̀ pé wọ́n ń yan ohùn fún ọkọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní èyí kan wà tó jẹ́ páìpù gbọọrọ lásán, òun ni àwọn géńdé ìlú máa ń fẹ́, ó ń bú bí ààrá. Ó ní òmíràn wà tí wọ́n fi nǹkan kún inú rẹ̀ pátápátá, ènìyàn kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ wà ní títàn. Àwọn kan sì wà láàárín méjèèjì. Mo ní kó fún mi ní ọ̀kan láàárín. N kò fẹ́ kí ọkọ̀ mi yadi. Ẹni tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀ ní ìlú, ṣé kí ọkọ̀ rẹ̀ náà tún wá máa yọ́ rìn?

Nígbà tó dè é tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà á yí ìlú ká. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó tutù, ó ń kùn bí àfáà àgbà tó ń ka kéú lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Inú mi dùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Múfú, tí wọ́n ń jó irin sàlẹ́ńsà ní Òkèrèwè, mo ní kí wọ́n bá mi yọ̀.

“Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ẹ̀?” ni wọ́n bi mí.

“Ọ̀sán yìí ni, Bùrọ̀dá.”

“Ọkọ̀ ti gbóná nìyẹn. Ṣé o ti gbọ́ ọ láàárọ̀?”

“Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ kan náà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ kéú! Ọkọ̀ kì í sọ òótọ́ lọ́sàn-án. Jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná.”

Ilẹ̀ mọ́. A kírun tán, mo ṣáájú Bàbá jáde bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wo òdìkejì: fèrèsé Màmá Alátùpà ṣókùnkùn. Mo ní wọ́n sùn gbàgbé lónìí. Mo wọ ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Irin tutù, ẹ́ńjìnì tutù. Ọkọ̀ bú bí akọ màlúù tí wọ́n so okùn mọ́. Kì í ṣe ohùn ọ̀sán àná rárá. Kó tó rọlẹ̀, iná ti tàn lójú fèrèsé. Aṣọ fèrèsé ṣí, Màmá Alátùpà yọ, wọ́n ń wò mí.

Ọwọ́ mi ti wà lórí fèrè kó tó yé mi. Mo yọ ọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò wo fèrèsé náà rí kí n tó tan ọkọ̀. Wọn kì í jí ní àsùbá. Èmi ni mo ń jí wọn. Bí mo bá sì jí wọn tán, màá tún fi fèrè bi wọ́n bóyá wọ́n jí ire.

Bàbá Múúsá wọ ọkọ̀. “Kí lò ń dúró ṣe?”

“Bàbá, èmi ni mo ń jí wọn.”

Wọ́n wo fèrèsé náà títí. “Sùbúhánálláhì. Èmi rò pé àdúà ni wọ́n ń ṣe.”

“Wọ́n á pe ìjọba lónìí.”

“Àfi ká ṣáájú wọn.”

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà. Ó máa ń mú àgbà mìíràn lọ́wọ́ ni. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ dáadáa, èmi àti Bàbá sọdá òpópónà, Bàbá di dàbínù, èso tí a fi ń ṣínu ààwẹ̀, sínú àpò. A kan ìlẹ̀kùn. Màmá Alátùpà ṣí i. Kí n tó rántí orílẹ̀-èdè tí mo wà, mo ti ṣí fìlà, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn, àyà mi ti kan yìnyín.

Màmá kígbe. “Ó ti ṣubú! Ó ti yọ̀! Má mira, má mira o!” Wọ́n ti kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n di orí mi mú gírígírí. “Níbo ló ń dùn ọ́?”

“Ibì kankan ò dùn mí, mà. Mò ń bẹ̀ yín ni.”

“Ó ti forí gbá ilẹ̀! Kò mọ ohun tó ń sọ mọ́!”

Ẹ̀rín ti pa Bàbá Múúsá débi pé dàbínù ń já bọ́ nínú àpò. “Kò sí ohun tó ṣe é, màdáàmù. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì nílẹ̀ wọn nìyẹn.”

Màmá wò mí nílẹ̀. “Lórí yìnyín?”

“Kò síbi tí a kì í ti í ṣe é, mà.”

Wọ́n ní ká wọlé kí òtútù má pa wá. Ní iyàrá iwájú, ọkùnrin arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wò wá. Ọkọ wọn ni. Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àìsàn tó ń ṣe é kì í jẹ́ kó fojú kan oorun láti alẹ́, àfi tó bá di ìdájí.

“Oorun ìdájí yẹn nìkan ló ní,” ni wọ́n wí, “ìwọ lo sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo ọkọ̀, mo gbà. Fèrè yẹn ńkọ́? Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi ń fi fèrè bú mi?”

“Mi ò bú yín, mà. Mò ń kí yín ni. Ìyá mi ló ní kí n máa kí yín.”

“Ìyá rẹ? Níbo ló wà?”

“Ní Ilé-Ifẹ̀, mà. Ní Nàìjíríà.”

“Ìyá rẹ tó wà ní Nàìjíríà ló ní kí o máa fun fèrè sí mi ní ìdájí?”

“Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ máa kọjá lára yín bí ẹran.”

Màmá wo Bàbá Múúsá bí ẹni tó ń wá ìtumọ̀. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, wọ́n ní ìmọ̀ àwọn kò débẹ̀. Ẹnu Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n wo ọkọ wọn, ẹ̀rín náà kú.

“Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí láti pe ìjọba,” ni wọ́n wí. “Mo máa dúró di ọjọ́ Àìkú. Bí ọkọ̀ yẹn bá tún jí i lọ́jọ́ Àìkú, màá pè. Ẹ má bínú sí mi.”

A kò bínú. Bó bá jẹ́ ìyá mi ni, kò ní dúró di ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, wọ́n pariwo lórí fóònù. “Yéè! Mo ti kó ọmọ mi sí wàhálà! Ṣé wọn kì í fẹ́ ká kí àwọn níbẹ̀ ni?”

“Wọ́n ń fẹ́ ẹ, Màámi. Àmọ́ kí wọ́n ti sùn tán ná.”

Mo padà sọ́dọ̀ Dáàní. Mo ní kó jẹ́ kí ọkọ̀ mi sun ìta lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú òtútù, ká wá yan sàlẹ́ńsà rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nígbà tí gbogbo irin rẹ̀ bá ti gan. Ó wò mí, ó họ irùngbọ̀n, ó ní kò sẹ́ni tó bẹ òun ní irú rẹ̀ rí, àmọ́ ó bọ́gbọ́n mu. Òwúrọ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà wá, nítorí ọkọ̀ tó bá ti gbóná, ó di ọ̀la kó tó tún sọ òótọ́. Ẹlòmíràn nínú wa ló bá mi gbé Bàbá lọ sí àsùbá ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn, Bùrọ̀dá Múfú wà lórí fóònù. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn! Àbúrò mi fẹ́ ká gbọ́ sàlẹ́ńsà láti Kánádà!”

“Láti Kánádà?” Onítakisí kan ló dáhùn, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. “Kí ló dé, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn níbẹ̀ ni?”

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo tan.

“Paá, paá!” ni Bùrọ̀dá Múfú wí. “Èyí ń bú ìyá ẹni.”

Ní òwúrọ̀ kejì, Dáàní ti de èyí tí kì í dún. Mo tan án, mo gbé fóònù sí ìdí rẹ̀.

“Tan án ká gbọ́.”

“Ó ti ń ṣiṣẹ́, Bùrọ̀dá.”

“Irọ́ ni!”

“Ọkọ̀ olè nìyẹn,” ni onítakisí wí. Ó tún ti wá. “Ọlọ́pàá á mú un.”

“Kó ẹrù sí i lẹ́yìn,” ni Bùrọ̀dá wí, “kí o wá tẹ̀ ẹ́.” A kó irin sí i, mo tẹ̀ ẹ́ gun òkè kékeré tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ń fà, ó ń mí gúlegúle. “O gbọ́? Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n faṣọ dí nímú. Ẹ́ńjìnì àgbà ò lè gba ìyẹn. Ẹrù lò ń kó, kì í ṣe ìyàwó.”

Ní òwúrọ̀ kẹta, Dáàní fi àpótí kékeré kan kún èyí àkọ́kọ́, ó sì tẹ ẹnu páìpù sílẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní kọjú sí ilé Màmá bí mo bá dúró níwájú mọ́sálásí. Òtútù ọjọ́ yẹn ń gé ni létí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kọ́kọ́ wú ikọ́ kan, ó wá ń kùn, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn kan ṣoṣo. Mo gbé fóònù sí ìdí rẹ̀.

“Bùrọ̀dá?”

“Pa á. Tún un tan.” Mo tún un tan. “Ó dáa. Èyí ní ẹ̀kọ́ ilé.”

“Ó ń ṣe bí ológbò tó yó,” ni onítakisí wí.

“Ìwọ lọ dúró ti mọ́tò ẹ jàre! Àbúrò mi, òun gan-an ni. Ó ń sọ̀rọ̀, kò pariwo. Àmọ́ tó o bá ti tan án, má tẹ̀ ẹ́ o. Jẹ́ kó jí fúnra ẹ̀.”

Dáàní bi mí ohun tí wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní ọkọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń kan sáárá sí ọmọ.

Mo rántí àfáà tó kọ́ mi ní kéú ní Ìlódè bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n máa ń fi pàṣán kan ilẹ̀, wọ́n á ní ẹ má pariwo mọ́ Ọlọ́run, kò dití; ẹ má sì gbé ohùn mì, ẹ ò jalè. Ìrun ni mo rò pé wọ́n ń wí. Mo ti pẹ́ ní ìlú yẹn kí n tó mọ̀ pé bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé náà ni wọ́n ń kọ́ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ìdákẹ́jẹ́ ìlú náà ń bí mi nínú. Mo rò pé wọn ò fẹ́ mọ̀ pé mo wà ni. N kò bi ara mi rí bóyá ẹnì kan ń bẹ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn tí ara rẹ̀ kò yá, tó ń ṣọ́ oorun bí ẹni ń ṣọ́ ẹyẹ kó má bàa fò. Ká tó lè ní ibi kan gbé, ó yẹ ká mọ irú ilé tó yí wa ká.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìmóoru. Mo sọ fún Bàbá Múúsá pé n kò ní lè máa jẹ́ kí ọkọ̀ dún lórí ìdúró mọ́, pé bí mo bá tan án, ká máa lọ ni. Mo ra kúbùsù tó nípọn, mo fi wé wọn láti ẹsẹ̀ dé ọrùn.

“O ti sọ mí di ọmọ tuntun,” ni wọ́n wí.

“Ṣé ó móoru, Bàbá?”

“Ó móoru. Ó ku kí o gbé mi pọ̀n.”

Ọjọ́ Àìkú dé. Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú. A kírun, èmi kò sì lè purọ́ pé ọkàn mi wà níbẹ̀ tán. Gbogbo àwa tó wà lẹ́yìn Bàbá la mọ ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí a sálámà tán, kò sẹ́ni tó jáde. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo gbé Bàbá wọ ọkọ̀, mo wé wọn ní kúbùsù, mo sì rọra ti ìlẹ̀kùn. Fèrèsé ṣókùnkùn.

“Bísímílláhì,” ni mo wí, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ó wúkọ́, ó ń kùn. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ tí mo fi ń tẹ fèrè sábẹ́ itan mi.

“Má wò ó mọ́,” ni Bàbá wí láti inú kúbùsù. “Wakọ̀.”

Mo wakọ̀. Títí a fi yà ní ìkòríta, n kò rí iná. Àmọ́ ènìyàn lè jí sínú òkùnkùn.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, etí mi wà lọ́dọ̀ fóònù. Ìgbàkígbà tí fóònù Bàbá bá dún ní mọ́sálásí, gbogbo wa la máa ń wo ẹnu wọn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, bí a ṣe ń wọ bàtà, a rí Màmá Alátùpà tí wọ́n ń sọdá òpópónà bọ̀, súwẹ́tà lórí aṣọ ilé, fóònù lọ́wọ́. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Iwájú mi ni wọ́n wá dúró.

“Ẹ ò wá láàárọ̀ yìí.”

“A wá, mà.”

“Ẹ ò wá. Mo ní màá jókòó dè yín, oorun gbé èmi náà lọ. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ọkọ mi ṣì ń sùn. Ó ń hanrun. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kó hanrun.” Wọ́n wo Bàbá Múúsá. “Ṣé ẹ wá lóòótọ́?”

“A wá, màdáàmù,” ni Bàbá wí. “Gbogbo wa la wá.”

Màmá kúrò níwájú mi. Wọ́n wo ọkọ̀ mi níbi tó wà, bí ẹni ń wo ajá tó ti ń bu wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀.

“Tan án kí n gbọ́.”

Mo tan án. Wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mira lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi fóònù sínú àpò súwẹ́tà.

“Ohùn rẹ̀ dára,” ni wọ́n wí. Wọ́n yí padà, wọ́n ń rọra tẹ yìnyín, wọ́n sọdá lọ sọ́dọ̀ ọkọ wọn.

Mo pa ọkọ̀. Mo wọlé padà, mo kọjú sí gábàsì nínú ilé kékeré wa, mo sì fi iwájú orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n wá, tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.